Igbá Tí Ọnàyẹmí Fín

Ní ìlú Òkìtì, ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Ọnàyẹmí. Igbá fínfín ni iṣẹ́ ìdílé rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ tirẹ̀ dá ju ti àwọn baba rẹ̀ lọ. Bí ó bá fín ẹyẹ sára igbá, àwọn ọmọdé a máa ṣọ́ ọ bóyá yóò fò. Ohun tí ó sọ ọ́ di ẹni tí ọba mọ̀ ni pé ó lè rin ilẹ̀ kan já, kí ó sì fi ọ̀bẹ gbé e sórí igbá: òkè ní àyè òkè, odò ní ipa odò, ọ̀nà oko níbi tí ó ti yà. Olókìtì, ọba ìlú náà, a máa sọ fún àwọn ìjòyè pé ojú Ọnàyẹmí ni òun fi ń rí ibi tí ẹsẹ̀ òun kò dé. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ Ọnàyẹmí nínú ju bí ó ti yẹ lọ.

Ìlú méjì ni ń sin Olókìtì ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, Àrágbé àti Ìdóyè. Láti ayébáyé ni wọ́n ti gbà pé odò Àwẹ̀rẹ̀ ni ààlà àwọn. Ṣùgbọ́n odò náà là sí apá méjì kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ilẹ̀ ọlọ́ràá sì wà láàárín. Apá tí ó wà lọ́hùn-ún, nítòsí Ìdóyè, ni àwọn ará Àrágbé ń pè ní Àwẹ̀rẹ̀. Apá tí ó wà nítòsí Àrágbé ni àwọn ará Ìdóyè ń pè bẹ́ẹ̀. Abúlé kan tí ń jẹ́ Ìdí-Apá ló tẹ̀dó sórí ilẹ̀ àárín náà, ọmọ Ìdóyè ni wọ́n, àgbẹ̀ àti amọ̀kòkò. Nígbà tí iṣu bẹ̀rẹ̀ sí í ta níbẹ̀ ju ti ibikíbi lọ, ìlú méjèèjì rántí ààlà. Wọ́n yọ àdá síra wọn lẹ́ẹ̀mejì. Olókìtì ní kí wọ́n jáwọ́, pé òun yóò rán ẹni tí yóò wo ilẹ̀ náà, ohun tí ó bá sì wà lórí igbá rẹ̀ ni òun yóò fi dájọ́.

Àrágbé ni ọ̀nà kọ́kọ́ gbé Ọnàyẹmí dé. Wọ́n gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀. Kò sẹ́ni tí ó fi àbẹ̀tẹ́lẹ̀ lọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá fi lọ̀ ọ́, ì bá kọ̀. Wọ́n kàn fún un ní yàrá tí kò jò, ẹran ìgbẹ́ àti ọdẹ àgbà kan, Ọdẹ́tọ́lá, tí yóò máa mú un rìn. Ọdẹ́tọ́lá mú un gun òkè ìlú wọn, ó na ìka sí gbogbo ilẹ̀, ó ń sọ orúkọ ibi kọ̀ọ̀kan àti ohun tí àwọn baba rẹ̀ ṣe níbẹ̀. Ìtàn rẹ̀ dùn. Nígbà tí ó yẹ kí Ọnàyẹmí sọdá lọ sí òdìkejì, òjò dé, odò kún. Ọdẹ́tọ́lá ní yóò tó ọjọ́ mẹ́wàá kí omi tó fà.

Ọnàyẹmí ronú sí i. Ó ṣáà ti rí ilẹ̀ náà látorí òkè. Kí ni àwọn tó wà lódìkejì fẹ́ sọ tí ojú òun kò tíì rí? Ó jókòó sí Àrágbé, ó fín igbá náà. Àrágbé wà láàárín gbọ̀ngbọ̀n, gbogbo ọ̀nà rẹ̀ pé. Ìdóyè rí roboto létí igbá. Igi ti bo Ìdí-Apá mọ́lẹ̀ látorí òkè, nítorí náà ewé ni ó fín sí ibẹ̀, ewé tí ó lẹ́wà púpọ̀.

Olókìtì gbé igbá náà lé orúnkún, ó wò ó pẹ́.

“Ṣé o dé ibi gbogbo?”

“Kábíyèsí, mo rí ibi gbogbo.”

Ọba kò bi í mọ́. Àwọn àgbà Ìdóyè gbé igbá tiwọn wá, ṣùgbọ́n ọba ní òun kò ní í fi igbá ẹni tó ń jà wé ti ìránṣẹ́ òun. Ó dá ilẹ̀ àárín fún Àrágbé.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni oníṣòwò iyọ̀ kan sọ fún Ọnàyẹmí pé àwọn ọ̀dọ́ Àrágbé ti sun Ìdí-Apá. Ọnàyẹmí ní abúlé wo ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin náà ní èyí tó wà láàárín apá odò méjèèjì ni, lábẹ́ igi. Ọnàyẹmí dìde ní ọjọ́ kejì, ó gba ibẹ̀ lọ.

Àárín ògiri tó ti dúdú ló ti bá ìyá arúgbó kan, Àjíún, tí ń ṣa ìkòkò tí kò fọ́. Ó kí i, ó sì dárúkọ ara rẹ̀. Ìyá náà kò pariwo.

“Ìwọ ni? A gbọ́ pé ọba rán ẹnìkan, ọmọ mi. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ni a fi ń gbálẹ̀ dè ọ́.”

Ó mú un lọ sí etí odò tí ó wà nítòsí Àrágbé. Pèrègún tò lọ níbẹ̀, ìdí wọn ti ki bí itan àgbàlagbà. Ó ní àwọn baba ìlú méjèèjì ló jọ gbìn ín sí ààlà. Ọnàyẹmí bi í léèrè igbá àwọn ará Ìdóyè. Ìyá náà ní irọ́ wà nínú ìyẹn náà, nítorí wọ́n fín òkè Àrágbé sínú rẹ̀ bí ẹni pé tiwọn ni. Ó tún wá sọ pé:

“Bí o bá gbọ́ tiwọn, tí o gbọ́ ti Àrágbé, tí o sì sọdá wá bi àwa tí a ń gbé ibẹ̀, o kì bá tí ṣìnà. Ọkọ mi kò lè rìn mọ́. A pọ̀n ọ́n sẹ́yìn sá lọ ni. Ọ̀nà ló kú sí.”

Ọnàyẹmí bá a ru ìkòkò rẹ̀ dé Ìdóyè, ó gbọ́ tẹnu àwọn ará ibẹ̀, ó sì fín igbá mìíràn, tí Ìdí-Apá wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú pèrègún. Ó gbé e fún ọba, ó dọ̀bálẹ̀, ó jẹ́wọ́ pé òun kò sọdá odò.

“Mo lè dá ilẹ̀ padà,” ni Olókìtì wí. “Ta ni yóò dá àwọn èèyàn padà?”

Wọ́n dá ilẹ̀ padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n agbo ilé mẹ́ta péré ló padà wá. Àwọn yòókù ti fọ́n ká. Ọnàyẹmí kò fín ilẹ̀ mọ́ títí ó fi kú. Igbá ìmumi ni ó ń fín. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń bú àwọn ará Àrágbé tó sun abúlé níṣojú rẹ̀, a máa dá onítọ̀hún dúró.

“Òṣìkà ni wọ́n,” ni yóò wí. “Ṣùgbọ́n èmi tí mo gbọ́ tẹnu ẹnìkan, tí mo jẹ́ kí ọba fi dájọ́, èmi ni àgbà wọn.”

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.