Ìjàpá àti Ohùn Àyálò

Àlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ̀yin ọmọ, ewúrẹ́ ń ké, àkèré ń ké, eku pàápàá ń ké bí eku. Ta ni ẹranko tó lẹ́nu tí kò lóhùn? Ẹ dákẹ́ ná, ẹ má tíì dáhùn. Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó gun àpáta, ó fò kọjá àfonífojì, ó wá já lu Ìjàpá Tìrókò, ọkọ Yánníbo.

Nígbà yẹn, Ìjàpá ní ohùn. Ohùn kékeré ni, àmọ́ ó tó o lò. Bó bá ń ti oko bọ̀ nírọ̀lẹ́, a máa kọrin bọ̀ lọ́nà:

Yánníbo, gbé ọbẹ̀ kalẹ̀,
Tẹ̀rẹ́jẹ́ńjẹ́.
Ọkọ rẹ ti dé ẹ̀bá ọ̀nà,
Tẹ̀rẹ́jẹ́ńjẹ́.

Yánníbo a rẹ́rìn-ín, a sì gbé ọbẹ̀ kalẹ̀ kí ó tó yọ.

Lọ́dún kan, ọ̀gbẹlẹ̀ mú. Gbogbo odò gbẹ, ó ku ìsun omi kan ṣoṣo lábẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́. Àìgbẹ ni wọ́n ń pè é. Ibẹ̀ ni tonílé tàlejò ti ń mu. Àsìkò yẹn gan-an ni Olú Igbó wàjà.

Àṣà wọn ni pé ẹni tó bá fẹ́ jẹ Olú yóò gun àpáta, yóò ké. Àkàlàmàgbò, àgbà ẹyẹ, yóò ti jókòó sí òkè kejì lọ́hùn-ún. Bí ohùn ẹni náà bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, a ó fi í jọba, torí olórí tí wọn kò gbọ́ ohùn rẹ̀ nílé ìkẹyìn, olórí kọ́ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Olú tuntun bá sì sọ lórí àpáta, òfin ni. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá ti balẹ̀, kò ṣeé kó mọ́.

Ìjàpá fẹ́ jẹ Olú, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ohùn òun kò lè dé ìdajì ọ̀nà. Ó kọrí sílé Erin.

"Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, bàbá. Ẹ ò ṣe gun àpáta fúnra yín?"

"Ta ni yóò fẹ́ mi?" ni Erin wí. "Ta ni n kò tíì tẹ oko rẹ̀ pa?"

"Èmi, wọ́n fẹ́ràn mi. Ẹ yá mi ní ohùn yín."

Erin rẹ́rìn-ín títí etí rẹ̀ fi ń jù fẹ̀ẹ̀fẹ̀ẹ̀. "Ohùn mi kì í jáde nílé lásán. Bí o bá jọba tán, kí ni tèmi ńbẹ̀?"

"Àìgbẹ ni, bàbá. Ẹ̀yin nìkan ni yóò máa wẹ̀ níbẹ̀."

"Ó dára. Fi ohùn tìrẹ dógò."

Erin yá a ní ohùn ńlá rẹ̀, ó gba ohùn kékeré náà, ó rọ ọ́ sínú àdó, ó dé e, ó so ó mọ́ eyín rẹ̀.

Ìjàpá kò dúró níbẹ̀. Ohùn ńlá dára, ṣùgbọ́n ó tún fẹ́ èyí tí yóò dẹ́rù bani. Ó lọ bá Kìnìún, ó ṣèlérí ọ̀nà Àìgbẹ fún un, kí ó lè máa yan ẹni tí yóò pa jẹ lára àwọn tó ń lọ mumi. Ó tún fẹ́ èyí tó dùn. Ó lọ bá Àwòko olóhùn iyọ̀, ó ní igi ọ̀pọ̀tọ́ di tirẹ̀, tèso tibòji. Àwọn náà yá a ní ohùn wọn.

Lẹ́yìn náà ló wá ń yọ́ ọ̀rọ̀ sọ láti ilé dé ilé, kí ohùn Erin má baà wó ilé onílé: "Àìgbẹ, ti gbogbo wa ni o!"

Etu ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, omi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ pé, Ìjàpá kò lè gun àpáta, Etu ló bẹ̀rẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ẹ gun ẹ̀yìn mi, bàbá. Ẹ ṣáà má gbàgbé ọmọ mi."

Ìjàpá gun ẹ̀yìn Etu dókè. Ó la ẹnu, ó ké.

Háà! Ẹ̀yin ọmọ, kí ni mo fẹ́ fi ohùn yẹn wé? Ewé bọ́ lórí igi. Àpáta gbọ̀n. Àwọn ọmọ ẹranko di ẹsẹ̀ ìyá wọn mú. Síbẹ̀ ohùn náà dùn, ó dùn débi pé àwọn àgbà mi orí, tí wọn kò mọ̀ pé àwọn ń mi orí. Ẹ̀rù Ìjàpá ba Ìjàpá. "Ṣé èmi náà rèé?" ló ń wí nínú ara rẹ̀. Lókè kejì, Àkàlàmàgbò na apá méjèèjì: ó ti gbọ́. Wọ́n fi ewé dé Ìjàpá lórí, gbogbo ìlú dọ̀bálẹ̀.

"Kábíyèsí," ni Etu wí, "ẹ sọ ti omi o."

Ìjàpá wo gbogbo orí tó wà nílẹ̀, ojúkòkòrò gbé e. Kí ni yóò máa fún Erin sí? Kí ni yóò máa fún ẹnikẹ́ni sí? Ó la ẹnu láti sọ pé, "Àìgbẹ, ti Ìjàpá ni."

Ohun tó jáde ni: "ÀÌGBẸ, TI ERIN NI!"

Ó yára fọwọ́ bo ẹnu. Ó tún un là. Ó bú ramúramù: "Ọ̀NÀ OMI, TI KÌNÌÚN NI!" Ó lanu lẹ́ẹ̀kẹta, orin ló gbà á lẹ́nu: "Ọ̀pọ̀tọ́ tèso tibòji, ti Àwòko ni." Orin náà dùn tó bẹ́ẹ̀ tí Òkété fi jó díẹ̀ kí ó tó mọ ohun tí wọ́n sọ.

"Kí ló fún ọ?" ni Erin tí kò lóhùn fi ojú bi Kìnìún.

"Kí ló fún ìwọ náà?" ni Kìnìún náà fi ojú bi Erin. Wọ́n wọ̀yá ìjà.

Etu wo ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà ń lá ètè gbígbẹ. Ó gbórí sókè, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n: "Àìgbẹ, ti gbogbo wa ni."

Òkété gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ gbà á. Àkèré, eku, àǹtèté abẹ́ ewé, gbogbo wọn gbà á. Kò sí èyí tó tóbi nínú àwọn ohùn náà, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n pàdé, ilẹ̀ ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀. Erin gbé ẹsẹ̀ ìjà sókè, kò lè sọ ọ́ kalẹ̀. Kìnìún ká ìrù rẹ̀ sábẹ́. Ìjàpá ká ara rẹ̀ kò lórí àpáta.

Àkàlàmàgbò fò wá láti òkè kejì. "Mo gbọ́ ohùn kan," ló wí jẹ́jẹ́. "Láti ìgbà tí mo ti ń jókòó síbẹ̀, n kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ta ló ni ín?"

Kò sẹ́ni tó dá a ní; gbogbo wọn ló ni ín.

"Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni òfin," ni Àkàlàmàgbò wí.

Erin fìbínú já ohùn rẹ̀ gbà lọ́fun Ìjàpá. Kìnìún gba tirẹ̀, Àwòko gba tirẹ̀. Ìjàpá nawọ́ sí àdó tó wà léyín Erin, ó ń fi ojú bẹ̀bẹ̀. Erin já àdó, ó là á mọ́ àpáta. Ohùn kékeré náà jáde, ó ní "Tẹ̀rẹ́jẹ́ńjẹ́" lẹ́ẹ̀kan péré, afẹ́fẹ́ sì gbé e wọ inú koríko lọ. Ìjàpá kò mọ bí yóò ṣe sọ̀ kalẹ̀. Etu ló tún gbé e sọ̀. Ó kó ọmọ rẹ̀, ó gba ọ̀nà Àìgbẹ lọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Yánníbo fetí sọ́nà títí ọbẹ̀ fi jóná. Ìgbà tó bojú wẹ̀yìn, ọkọ rẹ̀ ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó la ẹnu, èémí lásán ló jáde: fíì.

Ìdí nìyẹn tí Ìjàpá kò fi lóhùn dòní. Bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, yóò fa orí wọlé, ẹ ó gbọ́ "fíì". Ó ṣì ń wá orin rẹ̀ nínú koríko, ìdí nìyẹn tó fi ń rìn jẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ibi tí àlọ́ mi sinmi sí nìyẹn. Bí mo bá parọ́, kí ohùn mi lọ bá ti Ìjàpá. Bí n kò bá parọ́, kí agogo ẹnu mi ró lẹ́ẹ̀mẹta. Pó! Pó! Pó!