Ọjọ́ Kọkàndínlọ́gbọ̀n Tí Olóyè Fọwọ́ Sí

Olóyè Ládẹjọbí ló ni ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan nílùú Ìgbájọ, bó bá ti sọ̀rọ̀, abẹ gé e. Ó gbọ́ pé ọdún mẹ́rin-mẹ́rin ni oṣù Èrèlé máa ń ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, ló bá kà á bí a ti ń ka ọjọ́ ọjà: ó fi 2024 fúnra rẹ̀ ṣe ìkíní, ìkẹrin sì bọ́ sí 2027. Ó pàṣẹ fún Wúràọlá, tó ń kọ ètò kàlẹ́ńdà sínú kọ̀ǹpútà fún un, pé kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kó sì gbé e wá ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n náà gan-an. Bí ọjọ́ náà bá kọjá tí kò tíì gbé e wá, kó máa lọ sílé. Wúràọlá kò jiyàn. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ bá mi fọwọ́ sí ọjọ́ yẹn nínú ìwé." Olóyè kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sí i. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n Èrèlé 2027 ṣú, tó sì tún mọ́, Olóyè wọ agbádá wá síbi iṣẹ́. "Iṣẹ́ mi dà?" "Ó ti parí, Bàbá. Ọjọ́ tí ẹ fọwọ́ sí ni mò ń retí." "Òní kọ́ ni?" "Ẹ wo fóònù yín, Bàbá." Olóyè wò ó: ọjọ́ kìíní oṣù Ẹrẹ́nà ló wà níbẹ̀. Bó bá ní ọjọ́ náà ti kọjá, wọn á ní ìgbà wo. Bó bá ní kò sí, òun ló ṣì í kà. Ó ká apá agbádá sókè díẹ̀díẹ̀, ó ní, "Gbé e sí 2028." "Ibẹ̀ ló ti wà látijọ́, Bàbá," ni Wúràọlá wí, "àṣẹ yín ló kù."