Iṣẹ́ Tí Mọdínátù Jẹ́ ní Àjàṣẹ́

Sùnmọ́nù agbẹ́kọ̀ ń gbé ní Àgbádárìgì. Lásísì àbúrò rẹ̀ ń gbé lọ́dọ̀ ìyá wọn ní Àjàṣẹ́, ní ilẹ̀ àwọn Faransé. Ọ̀sà ló wà láàárín wọn. Ọkọ̀ a máa ṣí ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, a sì padà ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Ẹni tó bá fẹ́ kí ará ilé rẹ̀ á lọ sùn mọ́jú, á sì bọ̀. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò yìí kì í jẹ́ kí oṣù kan kọjá kí wọ́n má fojú kanra.

Ikú ìyá wọn ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Mùsùlùmí ni wọ́n, òkú kì í sì í pẹ́ nílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Kí Sùnmọ́nù tó gúnlẹ̀ sí Àjàṣẹ́, wọ́n ti da yẹ̀pẹ̀ bo ìyá. Òun àkọ́bí! Kò tilẹ̀ mu omi nílé Lásísì tó fi bínú padà sínú ọkọ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ dárúkọ àbúrò rẹ̀ létí rẹ̀.

Nígbà tó yá, àìsàn dá Sùnmọ́nù gúnlẹ̀. Ó pe Mọdínátù, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń tọ́jú rẹ̀.

"Ọkọ̀ ọ̀la ni kí o wọ̀. Sọ fún Lásísì pé bí mo bá kú, kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹ ilé mi. Bó ṣe sin ìyá mi láìsí mi níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò sin mí láìsí òun."

"Háà, Bàbá! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wí bẹ́ẹ̀."

"Bí mo ṣe wí i ni kí o wí i. Má bù ú kù, má sì fi iyọ̀ sí i."

Nínú ọkọ̀, àwọn èrò ń jẹ ẹ̀kọ, wọ́n ń ṣe ẹ̀fẹ̀. Mọdínátù kò fẹnu kan nǹkan kan. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ yìí bó ṣe rí, ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ àti Lásísì dọ̀run nìyẹn. Bó bá sì yí i padà, èpè bàbá tó wà lórí àìsàn kì í ṣe ohun àfiṣeré. Ẹ̀rù bà á gidigidi.

Lásísì rí i lẹ́nu ọ̀nà, àyà rẹ̀ já. "Ṣé ẹ̀gbọ́n mi ti kú ni?"

"Rárá, Bàbá kékeré. Wọ́n rán mi sí yín ni."

"Èébú wo ló tún kù? Sọ ọ́, mò ń gbọ́."

Mọdínátù kúnlẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè rẹ̀. Ó wá rántí pé ikú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ọkùnrin náà kọ́kọ́ bẹ̀rù.

"Wọ́n ní ara àwọn ò yá. Wọ́n ní ìsìnkú kan ti ya ẹ̀yin méjèèjì, kí òmíràn má tún yà yín. Kí ẹ wá nígbà tí ojú ṣì ń rójú."

Lásísì bú sẹ́kún. "Ìjì ló dí ọkọ̀ tí mo fi ránṣẹ́ lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí ìyá kú. Mo dúró dè é títí àwọn àgbà fi lé mi kúrò nídìí òkú. Ẹ̀gbọ́n mi ò jẹ́ kí n lanu sọ ọ́!"

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n jọ wọkọ̀ wálé. Lásísì dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ẹní aláìsàn. "Ẹ̀gbọ́n mi, mo gbọ́ iṣẹ́ yín. Ẹ ní kí ìsìnkú má tún yà wá mọ́. Ẹ ṣeun tí ẹ kọ́kọ́ ránṣẹ́."

Sùnmọ́nù wo ọmọ rẹ̀. Mọdínátù doríkodò, ó ń retí èpè.

"Bẹ́ẹ̀ ni mo wí," ni Sùnmọ́nù dáhùn, ó sì na ọwọ́ sí àbúrò rẹ̀.

Lásísì kò bá ọkọ̀ padà mọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa kú, ó jókòó tì í nígbà tí Sùnmọ́nù pe Mọdínátù.

"Ìkà ni ọ̀rọ̀ tí mo fi rán ọ. Bí ẹni rán ẹrú ni mo ṣe rán ọ, ẹrú ì bá sì jẹ́ ẹ bí mo ṣe wí i. Kí ló kàn án bí ilé wa bá tú? Ọmọ lo fi jẹ́ ẹ. O ṣeun, ìyá mi."

Lásísì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú. Lọ́jọ́ náà, òun fúnra rẹ̀ ló wọ inú sàréè lọ gba òkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni àwọn àgbà ti ń sọ fún ẹni tí wọ́n bá gbé ọ̀rọ̀ lé lọ́wọ́ pé: bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ.