Ohun Tí Ń Kọjá Ògiri

Ọkùnrin kan wà tí ó fi ìgbà èwe àti ìgbà àgbà rẹ̀ wọn ilẹ̀ fún àwọn ẹlòmíràn. Sọ̀fíyọ̀ ni. Òun ni ó máa ń ri òkúta ààlà mọ́lẹ̀, tí yóò sì sọ fún àwọn tí ń jà pé, "Ibí ni tìẹ parí sí, ibí ni ti ẹnì kejì rẹ ti bẹ̀rẹ̀." Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì, ó kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sórí òkè ní àdúgbò kan láàárín ìlú ńlá, òun àti Àmọ̀kẹ́ ìyàwó rẹ̀ sì ń gbé ibẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí wà ní Kánádà. Ọmọ yìí ni ó ní kí wọ́n fa íńtánẹ́ẹ̀tì wọ ilé náà, kí ó lè máa rí ojú àwọn òbí rẹ̀.

Wáìfáì kò mọ ààlà. Ó ń kọjá ògiri, ó ń dé ṣọ́ọ̀bù ìyá aránṣọ tí ó fara ti fẹ́ǹsì wọn, ó ń dé abẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́nu géètì. Àmọ̀kẹ́ fi orúkọ ara rẹ̀ ṣe páásíwọ́ọ̀dù, ó sì ń sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá béèrè. Kò pẹ́ tí abẹ́ máńgòrò fi di ibi ìjókòó. Akẹ́kọ̀ọ́ ń ka ìwé níbẹ̀, bíríkìlà ń wá iṣẹ́ níbẹ̀, arúgbó kan sì ń rí ojú ọmọ-ọmọ tí kò tíì gbé jó rí. Ẹni tó bá dé á kọ́kọ́ kígbe wọlé pé, "Ẹ kú ilé o, Ìyá wa!" kó tó jókòó.

Sọ̀fíyọ̀ á máa kùn. "Àmọ̀kẹ́, ohun ìní wa ni wọ́n ń kó lọ yìí o."

Obìnrin náà á rẹ́rìn-ín. "Kí ló dín nínú tiwa, Baálé mi? Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n wọ̀n, ẹ lọ wọ̀n ọ́n wò."

Àmọ̀kẹ́ kú. Nígbà tí àwọn tó wá sìnkú lọ tán, ilé náà wá tóbi ju bí ọkọ rẹ̀ ti wọ̀n ọ́n lọ. Oúnjẹ ẹni méjì ni ó ṣì ń sè, nítorí kò mọ bí wọ́n ṣe ń se ti ẹnì kan. Bí ó bá gbọ́ ẹ̀rín láti abẹ́ máńgòrò, inú á bí i, á dà bíi pé wọ́n ti gbàgbé ẹni tó pè wọ́n wá síbẹ̀. Ní ọjọ́ kan ó mú fóònù rẹ̀, ó pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn tó wà níta na fóònù sókè, wọ́n wo géètì, wọ́n tún wo ara wọn. Wọ́n sì lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tí ó bá a jà. Kò sì sí ẹni tí ó kí ilé náà láti ìta mọ́.

Ó rò pé ìdákẹ́jẹ́ ni òun ń fẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ dé lóòótọ́, ó sì jókòó tì í bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó máa lọ.

Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ onílé pe ìpàdé. Wọ́n fẹ́ kí àdúgbò ní wáìfáì ọ̀fẹ́, kí onílé kọ̀ọ̀kan dá sí i, kí tolówó ti tálákà sì máa lò ó. Òrùlé sọ̀fíyọ̀ nìkan ni ó ga tó láti gbé òpó rẹ̀. Gbogbo ojú yí sí i.

Ó dìde. "Ohun tí kò ní ààlà kò ní olúwa. Àwọn oníjìbìtì ni yóò wá tẹ́ ẹní sí ẹnu ọ̀nà wa. Kí kálukú ra dátà tirẹ̀."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Oníjìbìtì kò wọ́n nílùú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn ló ń dùn ún.

Ìyá aránṣọ rọra bi í pé, "Bàbá, ká ní Ìyá wà láyé ńkọ́?" Ó gbé fìlà rẹ̀, ó jáde. Ọ̀rọ̀ náà kú síbẹ̀.

Ní ọ̀sán kan tí oṣù ń parí lọ, tí dátà ti tán lórí fóònù ọ̀pọ̀ ènìyàn, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ nínú ilé ìdáná. Ó fi ìbàdí lulẹ̀, kò sì lè dìde. Ó kígbe títí, jẹnẹrétọ̀ ìyá aránṣọ bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Fóònù wà lápò rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní owó ìpè. Láti ìgbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì ti wọ ilé ni kò ti rà á mọ́. Ó fi íńtánẹ́ẹ̀tì pe ọmọ rẹ̀. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ lọ́hùn-ún, ọmọ ń sùn. Ó kọ ọ̀rọ̀ sí ìyá aránṣọ lórí Wọ́sáàpù: "Mo ṣubú. Ẹ gbà mí." Àmì kan ṣoṣo ló yọ sí i, èyí tó ń sọ pé ọ̀rọ̀ ti lọ, kò tíì dé. Ó kọ ọ́ sí alága ẹgbẹ́ onílé. Àmì kan. Ó kọ ọ́ sí onílé ẹ̀yìnkùlé. Àmì kan náà.

Íńtánẹ́ẹ̀tì kún ilé rẹ̀ fọ́fọ́, kò sì sí ẹni tí yóò gbọ́ ọ. Ọkùnrin náà sunkún bí ọmọdé.

Ibi tó ti ń sunkún ni ó ti rántí pé fóònù kì í tètè gbàgbé ilẹ̀kùn tó ti wọ̀ rí, pé bí páásíwọ́ọ̀dù àtijọ́ bá padà, fóònù àwọn aládùúgbò á tún wọlé fúnra rẹ̀. Ó pa páásíwọ́ọ̀dù tuntun rẹ́. Ó tẹ orúkọ ìyàwó rẹ̀ síbẹ̀, orúkọ tí kò tíì lè dá pè láti ọjọ́ ìsìnkú. Ó ń dúró. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ tó kọ sí ìyá aránṣọ, àmì kan di méjì.

Jẹnẹrétọ̀ dákẹ́.

"Bàbá o! Bàbá! Ẹ dá mi lóhùn!"

Géètì wà ní títì. Ògiri ni wọ́n fò wọlé, ìyá aránṣọ ló ṣáájú.

Òpó náà wà lórí òrùlé rẹ̀ báyìí. Ó ṣì ń tiro, ó ṣì ń ṣọ́ àwọn oníjìbìtì lójú méjèèjì, ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀ ló sì fi ń lé wọn. Àwọn yòókù ń kígbe wọlé kí wọ́n tó jókòó, òun náà sì ti ń bù nínú oúnjẹ ẹnì kejì fún wọn.

Ọ̀rẹ́ mi, o ní àwọn onílé àdúgbò yín fẹ́ pàdé lórí irú ọ̀rọ̀ yìí, o sì ń bi mí bóyá kí o gbà tàbí kí o kọ̀. Wọ́n ní ènìyàn bo ni lára ju aṣọ lọ. Nígbà tí o bá dìde láti sọ̀rọ̀ níbẹ̀, má kàn ro iye tí yóò jáde lọ́wọ́ rẹ. Ro ọ̀sán tí ìwọ náà yóò wà nílẹ̀, tí o ó máa ké sí aládùúgbò rẹ, kí o sì bi ara rẹ léèrè bóyá kì í ṣe ìwọ fúnra rẹ ló ti ọ̀nà tí igbe náà ì bá gbà pa.