Rédíò Tó Ní Ẹnikẹ́ni Ò Kú

Olóyè Adégoróyè ló ni ibi ìfọ́-òkúta tó wó pa òṣìṣẹ́, òun náà ló ni rédíò tó ní ẹnikẹ́ni ò kú. Nígbà tí Fadékẹ́mi kọ àpilẹ̀kọ àṣekágbá rẹ̀ ní yunifásítì lórí irọ́ yẹn, Olóyè, tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ náà, wá jókòó ti àwọn olùdánwò, ó ní ọmọ náà ò ní í gboyè àfi bó bá fi ọ̀rọ̀ ẹnu rédíò òun gan-an jẹ́rìí irọ́ náà. Fadékẹ́mi kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé òótọ́ ni gbogbo ohun tí rédíò yín ń sọ?" "Látòkèdélẹ̀. Rédíò mi ò purọ́ rí, ìwọ ọmọ tí ò tíì jáde ilé-ẹ̀kọ́." Fadékẹ́mi tan ohùn tó ti gbà sílẹ̀ sórí fóònù rẹ̀. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ rédíò Olóyè ń ka ìròyìn pé ẹnikẹ́ni ò kú. Lẹ́yìn náà, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ yẹn kan náà ń ka ìkéde ìsìnkú tí àwọn mọ̀lẹ́bí gbé wá: Làmídì, Ọ̀jẹ́wùmí, Sùnmọ́nù, "tí òkúta wó pa lẹ́nu iṣẹ́". "Èwo nínú méjèèjì ni irọ́, sà?" Àwọn olùdánwò buwọ́ lùwé, Fadékẹ́mi gboyè. Láti ọjọ́ náà, rédíò Olóyè kì í gba ìkéde ìsìnkú afọ́-òkúta mọ́, bẹ́ẹ̀ ni òkúta ò tíì yé wó.