Bí Ojú Ṣe Di Ti Gbogbo Ayé

Nígbà láéláé, kí orúkọ tó kárí ohun gbogbo, ìyá arúgbó kan tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró ló ń sọ nǹkan lórúkọ. Inú igbá ńlá kan ló ti ń mú orúkọ jáde. Láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń tò sọ́dọ̀ rẹ̀: igi, ẹranko, àrùn. Àní, ebi pàápàá wá gba tirẹ̀. Ẹ̀yìn ń dun ìyá, ohùn rẹ̀ ti há.

Lọ́jọ́ tí igbá gbẹ, ó mí kanlẹ̀. "Ó tán! Ẹ jẹ́ kí n sinmi wàyí."

Kò tíì fẹ̀yìn lélẹ̀ tí Abẹ́rẹ́ fi wọlé. "Ẹ kú ìsinmi, ìyá. Ibi tí òwú ń gbà kọjá lára mi kò lórúkọ."

"Igbá ti gbẹ, ọmọ mi. Ó rẹ̀ mí. Máa lọ."

Abẹ́rẹ́ lọ. Kò pẹ́ ni Omi sáré dé.

"Ìyá, ọmọ apẹja kan rì láàárọ̀ yìí. Nígbà tó léfòó, bàbá rẹ̀ kò rí orúkọ pe òkè ara mi tó wà. Ìsàlẹ̀ ni àwọn òmùwẹ̀ ṣì ń wá a. Díẹ̀ ló kù kó kú!"

Omijé bọ́ lójú Àwẹ̀ró. Ó yíjú sí Ojú, ẹni tó kọ́kọ́ fún lórúkọ, tó jókòó tì í.

"Ojú, ọmọ mi, bá mi jẹ́ ti Omi náà."

"Ìyá, èmi tí mò ń wòran, tí mo tún ń sunkún? Ẹ tún fẹ́ fi kún un?"

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ọlọ́mọ ló fẹ́ kú yẹn. N kò sì lágbára àtiwá òmíràn mọ́."

Ojú wo ìyá láti òkè délẹ̀. "Ó dáa. Ṣùgbọ́n kí Omi so orúkọ tirẹ̀ mọ́ tèmi. Èmi nìkan ni kí wọ́n máa pè ní Ojú lásán."

Báyìí ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní ojú omi. Abẹ́rẹ́ gbọ́, ó padà wá. Ọ̀nà tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà Ọ̀run, Ogun, Egbò. Àwẹ̀ró kàn ń mi orí sí gbogbo wọn, títí oorun fi gbé e lọ. Nígbà tí Ojú máa fi wẹ̀yìn, ìlà àwọn tó ń gba orúkọ ti dé ẹsẹ̀ òkè, kò sì sí ẹni tí yóò fi ẹjọ́ sùn.

Láti ọjọ́ náà ni ojú ti ń jẹ́ fún ayé jẹ́ fún ọ̀run. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ilẹ̀ bá ṣú, tí ẹnu ṣì ń sọ̀rọ̀, tí ẹsẹ̀ ṣì ń rìn, ojú ló kọ́kọ́ ń wúwo.