Bí Ojú Ọ̀nì Ṣe Gun Orí Rẹ̀

Nígbà láéláé, kí àwọn baba ńlá wa tó gbọ́n, ẹ̀gbẹ́ orí ni ojú ọ̀nì wà, bíi ti ẹja. Ojo paraku sì ni. Bó bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ èèyàn létí odò, yóò rì sísàlẹ̀ kíá. Àwọn ìyá ń fọṣọ, àwọn ọmọ ń lúwẹ̀ẹ́, kò sẹ́ni tó ń wẹ̀yìn.

Ní abúlé kan létí odò náà, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Àjàmú. Apẹja ló pe ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu ló fi ń pẹja jù. Ohun tó dùn mọ́ ọn jù ni kí èèyàn máa wò ó.

Lọ́jọ́ kan, ó ju ìfun ẹja sódò. Ọ̀nì yọjú, ó gbé e mì. Àwọn tó wà níbẹ̀ hó yèè. Orí Àjàmú wú. Láti ìgbà náà, ojoojúmọ́ ló ń bọ́ ọ̀nì, tó ń pè é ní ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ọ̀nì ò sá mọ́. Yóò fi ara pamọ́ sínú omi, yóò máa na ojú sókè láti wo ẹni tó ń bọ̀. Ó nà án, ó nà án, títí ojú fi kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó gun orí lọ.

Àwẹ̀ró, ìyàwó Àjàmú, rí i. Ó ní, "Baba Díwọlá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé bọ́ ẹranko yìí. Àwọn ọmọ wa ń wẹ̀ níbẹ̀."

Àjàmú yọ ṣùtì. "Kí lo mọ̀? Bí mo bá ní kó jókòó, á jókòó."

Lọ́jọ́ tí àlejò dé, Àjàmú ò rí ẹja kankan pa. Síbẹ̀, ó kó wọn lọ sétí odò, Àwẹ̀ró sì tẹ̀ lé wọn. Ó wọ omi dé orúnkún, ó na ọwọ́ òfìfo.

"Ọ̀rẹ́ mi, jáde wá kí àlejò!"

Ọ̀nì yọ. "Oúnjẹ mi dà?"

"Kò sí lónìí. Ṣáà kí wọn."

"Èyí tó o nà sí mi yìí ńkọ́?"

"Ọwọ́ mi nìyẹn! Ṣebí ọ̀rẹ́ ni wá?"

"Ìgbà wo la dọ̀rẹ́?" ni ọ̀nì wí. "Oúnjẹ ni mo mọ̀ ọ́ mọ́."

Gbàmù! Ó gé ọwọ́ náà jẹ.

Àjàmú ń ké pe ìyá rẹ̀ bí ọmọ ọwọ́. Àwọn àlejò ti sá wọgbó. Àwẹ̀ró nìkan ló gbé àjẹ̀ ọkọ̀, tó fi gbá ọ̀nì nímú, tó sì wọ́ ọkọ rẹ̀ jáde.

Nígbà tí egbò jinná, Àjàmú ń sọ kiri pé òun mọ̀ọ́mọ̀ fi ọwọ́ náà ta ọ̀nì lọ́rẹ ni. Kò sẹ́ni tó dúró gbọ́. Ọ̀dọ̀ Àwẹ̀ró ni gbogbo abúlé lọ, òun ló sì sọ fún wọn pé kí wọ́n máa ri ìfun ẹja mọ́lẹ̀, kí wọ́n máa pọn omi wá sílé fọṣọ, kí ọmọ kankan má sì wẹ̀ níbẹ̀ mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni ojú ọ̀nì ti wà lókè orí, tó ń lúgọ sínú omi, tó ń wo etí odò ṣùù. Òmùgọ̀ mìíràn tí yóò pè é lọ́rẹ̀ẹ́ ló ń wá.